Owó Àjọ Tí Kò Ṣeé Pín

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí mọ̀ pé òtítọ́ ni. Pélébé ìwé kan ni káàdì àjọ, àyè mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó sì wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù. Bí ẹ bá san owó òní, alájọ á fi bírò sàmì sí àyè kan. Nígbà tí oṣù bá parí, á yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, á sì kó ìyókù lé yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi káàdì yìí dá irú àjọ kan tó yàtọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ san náírà kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹ san náírà méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ san mẹ́rin; lọ́jọ́ kẹrin, ẹ san mẹ́jọ. Ìlọ́po méjì ohun tí ẹ san lánàá ni ẹ ó máa san lónìí. Ọ̀sẹ̀ kìíní kò ní ni yín lára rárá, nítorí ₦127 péré ni gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, ₦512 ni ẹ ó mú wá, ẹ ó sì tún máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ogún, owó ọjọ́ náà nìkan á ti di ₦524,288, ẹ̀rín á sì ti wọ́n lẹ́nu. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ₦1,073,741,824 ni alájọ yóò máa retí. Bí ẹ bá ro owó gbogbo àyè mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà pọ̀, ohun tí ẹ ó rí ni ₦2,147,483,647, owó tó lé ní bílíọ̀nù méjì náírà.

Nọ́ńbà yìí, 2,147,483,647, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní ìwà kan tí kò wọ́pọ̀, ìwà yìí sì ti mú kí àwọn ènìyàn ronú, kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n sì ṣe àṣìṣe fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Lónìí, ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí a ń lò, bí a tilẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ogún tí ẹbí kò lè pín

Ká ní baálé ilé kan ló dá àjọ yìí, tó sì fi gbogbo owó náà sílẹ̀ fún ẹbí rẹ̀ nígbà tó papò dà. Ìyàwó mẹ́ta ló bímọ fún un, ọmọ méje sì ni gbogbo wọn bí. Àwọn àgbà ẹbí jókòó láti pín ogún. Ọ̀nà méjì ni àṣà wa là sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìdí-igi, níbi tí a ti ń pín ogún sí iye àwọn ìyá tó bímọ fún olóògbé. Èkejì ni orí-ò-jorí, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba ìpín tirẹ̀ lọ́gbọọgba.

Bí wọ́n bá lo ìdí-igi, tí wọ́n pín owó náà sí mẹ́ta, náírà kan á ṣẹ́ kù. Bí wọ́n bá lo orí-ò-jorí, tí wọ́n pín in sí méje, náírà kan á tún ṣẹ́ kù. Ẹbí mìíràn tí wọ́n jẹ́ mẹ́rin á rí náírà mẹ́ta tó ṣẹ́ kù. Àwọn tí wọ́n jẹ́ márùn-ún á rí méjì. Ẹ kó gbogbo àdúgbò jọ, ẹ kó gbogbo ìlú jọ, ẹ kó gbogbo orílẹ̀-èdè jọ, kò sí iye ènìyàn tí ẹ lè pín owó yìí fún lọ́gbọọgba tí nǹkan kan kò ní ṣẹ́ kù. Ọ̀nà méjì péré ló yọrí: kí ẹnì kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀ lọ, tàbí kí ènìyàn 2,147,483,647 tò sórí ìlà, kí oníkálukú gba náírà kọ̀ọ̀kan.

Irú nọ́ńbà báyìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní nọ́ńbà àkọ́kọ́: nọ́ńbà tó ju ọ̀kan lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀. Méjì, mẹ́ta, márùn-ún, méje, mọ́kànlá àti mẹ́tàlá wà lára wọn. Mẹ́fà kò sí níbẹ̀, nítorí méjì lọ́nà mẹ́ta ni. Orúkọ náà bá wọn mu, nítorí láti ara wọn ni a ti ń kọ́ gbogbo nọ́ńbà yòókù, bí ìgbà tí a ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Méjì lọ́nà méjì lọ́nà mẹ́ta ni méjìlá. Márùn-ún lọ́nà méje ni márùndínlógójì. Bí ẹ bá tú nọ́ńbà èyíkéyìí palẹ̀ títí kò fi ṣeé tú mọ́, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ẹ ó bá nísàlẹ̀.

Ẹ má gbàgbé alájọ wa o. Owó ọjọ́ kan ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ká ní ti ọjọ́ kìíní ló mú, ìyẹn náírà kan ṣoṣo. Ó ku ₦2,147,483,646. Lójú ẹsẹ̀, ìjà ẹbí parí! Àwọn ìyá mẹ́ta á gba ₦715,827,882 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ méje á gba ₦306,783,378 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Kódà, ènìyàn mẹ́sàn-án, mọ́kànlá tàbí mọ́kànlélọ́gbọ̀n lè pín in láìṣẹ́kù. Náírà kan péré ló wà láàárín owó tó gbà fún gbogbo ènìyàn àti owó tí kò gbà fún ẹnikẹ́ni.

Báwo ni a ṣe mọ̀?

Ó rọrùn láti sọ pé nọ́ńbà kan kò ṣeé pín. Ẹ̀rí rẹ̀ ló ṣòro. Ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn lè ronú kàn ni pé kí a máa fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ kọ̀ọ̀kan dán an wò lẹ́sẹẹsẹ. A kò ní láti bá a dé òpin. Bí nọ́ńbà kan bá jẹ́ èso ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà méjì, àwọn méjèèjì kò lè tóbi jù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ kéré. Ní ti nọ́ńbà wa yìí, èyí tó kéré náà kò lè kọjá 46,340, nítorí 46,341 lọ́nà 46,341 ti ju 2,147,483,647 lọ. Síbẹ̀, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wà láti 2 dé 46,340 jẹ́ 4,792. Ẹ fojú inú wo ẹni tí yóò fi ọwọ́ ṣe ìpín 4,792 lórí ìwé, láìsí ẹ̀rọ ìṣirò kankan, tí kò sì gbọdọ̀ ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo.

Ní ọdún 1644, Marin Mersenne, ẹni tó jẹ́ àlùfáà àti onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé kan jáde tó mẹ́nu ba irú nọ́ńbà tó ń jáde láti inú àjọ wa. Bí a bá fi èdè káàdì wa sọ ọ́, ohun tó sọ ni pé, bí ènìyàn bá ń dá àjọ ìlọ́po méjì yìí títí di ọjọ́ 257, ọjọ́ mọ́kànlá péré ni àròpọ̀ owó yóò jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́: ọjọ́ 2, 3, 5, 7, 13, 17, 19, 31, 67, 127 àti 257. Kò fi ẹ̀rí tì í. Nígbà tó yá, àwọn tó tẹ̀ lé e rí i pé 67 àti 257 kò yẹ níbẹ̀, ó sì fo 61, 89 àti 107. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, orúkọ rẹ̀ ni a ṣì fi ń pe irú nọ́ńbà yìí títí di òní.

Lórí káàdì olójọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n tiwa, ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́ inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì tọ̀nà. Ẹ ó rí i pé ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá ṣeé pín kò sí lára wọn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹ wo ọjọ́ kẹfà. Owó ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ 1, 2 àti 4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7. Owó ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e jẹ́ 8, 16 àti 32, ìyẹn 7 lọ́nà mẹ́jọ. Níwọ̀n ìgbà tí apá kìíní àti apá kejì ti jẹ́ ti 7, gbogbo rẹ̀, tó jẹ́ 63, gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí 7. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún àti ọgbọ̀njọ́.

Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò tó. Mọ́kànlá jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́, àmọ́ àròpọ̀ ọjọ́ kọkànlá jẹ́ 2,047, ìyẹn 23 lọ́nà 89. Ọjọ́ kẹtàlélógún àti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n náà já wa kulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ sọ̀yà lórí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá.

Asẹ́ méjì Euler

Ẹni tó mú ẹ̀rí náà wá ni Leonhard Euler, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ní ìlú Saint Petersburg ní Rọ́ṣíà. Nínú lẹ́tà kan tó kọ sí Bernoulli ní ọdún 1772 ni ó ti sọ pé 2,147,483,647 jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Euler ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán pátápátá. Inú orí ni ó ti ń ṣe púpọ̀ nínú ìṣirò rẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

Báwo ni ẹni tí kò ríran ṣe borí iṣẹ́ ìpín 4,792? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Láti ọdún 1640 ni Pierre de Fermat, ará Faransé, ti ṣàkíyèsí ohun kan. Ẹ padà sí ọjọ́ kọkànlá. Ìlọ́po méjì mọ́kànlá ni 22. Àwọn nọ́ńbà tó pín àròpọ̀ ọjọ́ yẹn ni 23 àti 89. Ẹ wò ó dáadáa: 23 fi ọ̀kan ju 22 lọ, 89 fi ọ̀kan ju 88 lọ, 88 sì jẹ́ 22 lọ́nà mẹ́rin. Èyí kò ṣàdéédéé ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ èyíkéyìí tó bá lè pín àròpọ̀ ọjọ́ kọkànlá gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ní ti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, 62 ni ìlọ́po méjì rẹ̀. Nítorí náà, kìkì nọ́ńbà tó bá fi ọ̀kan ju ìlọ́po 62 lọ ni a ní láti yẹ̀ wò. Asẹ́ kìíní nìyẹn.

Euler tún fi asẹ́ kejì kún un: bí a bá pín irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sí mẹ́jọ, ohun tí yóò ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan tàbí méje. Bí ìgbà tí a bá sẹ́ ògì lẹ́ẹ̀mejì ni. Nínú gbogbo nọ́ńbà 248 tó bá tẹ̀ léra, méjì péré ló lè gba inú asẹ́ méjèèjì kọjá. Bí a bá kà á dé 46,340, gbogbo àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá kò ju 373 lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn náà kì í sì í ṣe nọ́ńbà àkọ́kọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé a lè fò wọ́n. Iṣẹ́ tó jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti wálẹ̀ di ọgọ́rọ̀ọ̀rún mélòó kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pín nọ́ńbà náà. Ẹjọ́ ti parí.

Ibí yìí ni ẹwà ọ̀rọ̀ náà wà lójú tèmi. Agbára kọ́ ni Euler fi borí. Ó kọ́kọ́ lóye ohun tó wà níwájú rẹ̀, òye náà sì bá a gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù. Ó ju ọgọ́rin ọdún lọ lẹ́yìn náà tí kò sí nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni mọ̀ tó tóbi jù ú lọ.

"Kí ni a fẹ́ fi ṣe?"

Ní ọdún 1811, onímọ̀ ìṣirò ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Barlow, kọ ìwé lórí ìmọ̀ nọ́ńbà. Barlow kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Àwọn tó ń lo awò tí a fi ń wo ìràwọ̀ ṣì mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní nítorí dígí kan tí a fi sọrí rẹ̀. Nínú ìwé náà, ó mẹ́nu ba nọ́ńbà kan tí a rí láti ara nọ́ńbà Euler, ìyẹn 2,305,843,008,139,952,128. Nọ́ńbà pípé ni wọ́n ń pe irú èyí, nítorí pé bí a bá ro gbogbo nọ́ńbà tó kéré jù ú tó lè pín in pọ̀, òun náà ni a ó rí. Mẹ́fà ni ó kéré jù nínú wọn: 1, 2 àti 3 ló pín mẹ́fà, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ mẹ́fà. Barlow wá sọ pé èyí ni yóò tóbi jù tí ẹnikẹ́ni yóò rí láéláé. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé irú nọ́ńbà báwọ̀nyí wuni láti wò lásán, wọn kò wúlò fún nǹkan kan, kò sì dájú pé ẹnì kan tún lè dààmú ara rẹ̀ láti wá èyí tó jù bẹ́ẹ̀.

Àwa náà mọ ohùn yìí dáadáa. Ohùn ọmọ ilé ìwé ni, nígbà tó ju bírò sílẹ̀ tó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe láyé mi?" Ohùn òbí ni nígbà mìíràn pẹ̀lú, nígbà tí ọmọ bá ní òun fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, tàbí ìmọ̀ èdè, tàbí ìmọ̀ ìràwọ̀ ní yunifásítì. Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí owó ilé ìwé kò rọrùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo ìdáhùn tí ìtàn fún Barlow.

Ní ọdún 1876, ọdún márùndínláàádọ́rin lẹ́yìn ìwé rẹ̀, Édouard Lucas ará Faransé fi ọ̀nà tuntun kan hàn pé àròpọ̀ ọjọ́ 127 jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Díjíìtì mọ́kàndínlógójì ni ó ní. Kò lo ìpín ẹyọ kan. Àsọtẹ́lẹ̀ Barlow ti wó lulẹ̀ nìyẹn. Apá kejì ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé kò wúlò, pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó wó.

Káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ Ifá lọ síbi tí mò ń lọ. Odù Ifá jẹ́ 256. Àmì mẹ́jọ ni babaláwo ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn fún odù kan, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, àmì kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Àyè mẹ́jọ, ọ̀nà méjì fún àyè kọ̀ọ̀kan: bí ẹ bá sọ méjì di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀ nígbà mẹ́jọ, 256 ni ẹ ó rí. N kò sọ pé Ifá jẹ́ kọ̀ǹpútà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe ohun àjèjì sí wa pé kí àmì oríṣi méjì péré, bí a bá tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, dúró fún ohun púpọ̀.

Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń kọ nọ́ńbà nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, àyè méjìlélọ́gbọ̀n ni ó wọ́pọ̀ kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà kan. Àyè kan ń sọ bóyá nọ́ńbà náà jẹ́ owó ọwọ́ tàbí gbèsè. Ó ku mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àyè kìíní dúró fún 1, èkejì fún 2, ẹ̀kẹta fún 4, ẹ̀kẹrin fún 8, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Ẹ ti rí i báyìí: káàdì àjọ wa gan-an ni! Bí gbogbo àyè mọ́kànlélọ́gbọ̀n bá kún, 2,147,483,647 ni, kò sì sí ibi tí nọ́ńbà tún lè gbà lọ.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, YouTube kéde pé iye ìgbà tí àwọn ènìyàn ti wo orin "Gangnam Style" ti Psy, olórin ará Kòríà, ti kọjá iye yìí, àwọn sì ti fẹ òǹkà àwọn lójú sí i. Káàdì alájọ ọjọ́ 63 ni wọ́n bọ́ sí, èyí tó lè gba 9,223,372,036,854,775,807. Ẹ̀yin tí ẹ fọkàn bá ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹfà lọ á ti mọ̀ pé èyí kì í ṣe nọ́ńbà àkọ́kọ́, nítorí 63 fúnra rẹ̀ ṣeé pín.

Ọ̀rọ̀ orin jẹ́ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ aago kì í ṣe ẹ̀rín. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń mọ ọjọ́ àti wákàtí nípa kíka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970. Níbi tí òǹkà náà bá ṣì wà lórí káàdì ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, yóò kún ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní ọdún 2038, nígbà tí aago Nàìjíríà bá lu mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú-àáyá méje. Ní ìṣẹ́jú-àáyá tó tẹ̀ lé e, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè rò pé òun ti padà sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejìlá ọdún 1901. Àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà tuntun ti ń lo káàdì tó gbòòrò, wọn kò ní ìṣòro yìí. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí a gbé pa mọ́ sínú ògiri ilé iṣẹ́, àti àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan kọ lọ́jọ́ tó ti pẹ́, tí kò sì sí ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò mọ́, ni ọ̀rọ̀ kàn. A kò sì ní láti dúró di ọdún 2038: ètò tó bá fẹ́ ṣírò ìgbà tí ẹ ó san gbèsè ilé ogún ọdún tán lónìí ti kọjá ààlà náà. Ẹ̀yin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun nínú òǹkàwé wa, iṣẹ́ yín nìyí o.

Nínú àpẹẹrẹ wọ̀nyí, bí nọ́ńbà náà ṣe tóbi tó ló ṣe pàtàkì. Àìṣeépín rẹ̀ náà rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí fóònù bá ń ju ọmọ ayò lúdò fún yín, ìṣirò ni ó fi ń mú nọ́ńbà jáde bí ẹni pé kò ní ètò. Ní ọdún 1988, Stephen Park àti Keith Miller dábàá pé kí ọ̀nà kan jẹ́ òṣùwọ̀n tí ó kéré jù fún irú iṣẹ́ yìí: mú nọ́ńbà kan, sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 16,807, pín in sí 2,147,483,647, kí o sì mú àṣẹ́kù. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti 1, a ó rí 16,807. Lẹ́yìn náà 282,475,249. Lẹ́yìn náà 1,622,650,073. Nítorí pé nọ́ńbà Euler kò ṣeé pín, tí wọ́n sì fara balẹ̀ yan 16,807, ọ̀nà yìí á kan gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 2,147,483,646 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó tó tún ara rẹ̀ sọ. Àwọn ọ̀nà tó dára jù ú ti wà báyìí, ṣùgbọ́n òun ló gbé ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ tún wo kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣọ́ ìsọfúnni wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1977, Ron Rivest, Adi Shamir àti Leonard Adleman ṣàwárí ọ̀nà kan tó dúró lórí nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ó rọrùn láti sọ 53 di púpọ̀ lọ́nà 59 kí a rí 3,127. Ṣùgbọ́n ẹ fún ẹlòmíràn ní 3,127, kí ẹ ní kó wá nọ́ńbà méjì náà rí, yóò pẹ́ díẹ̀. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún díjíìtì, kọ̀ǹpútà òde òní kò lè rí wọn ní àkókò tó lè ṣe olè láǹfààní. Nọ́ńbà Euler ti kéré jù fún iṣẹ́ yìí, gbogbo ayé sì ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, inú irú ìmọ̀ tí òun àti Fermat ń wá kiri ni kọ́kọ́rọ́ náà ti jáde.

Kò ní òpin

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ara wọn wá irú nọ́ńbà yìí pa pọ̀ láti ọdún 1996 kéde èyí tí Luke Durant, ọmọ Amẹ́ríkà, rí. Lórí káàdì wa, àròpọ̀ ọjọ́ 136,279,841 ni; ẹni tó bá fẹ́ dá àjọ náà pé á lò ju ọdún 373,000 lọ. Díjíìtì 41,024,320 ni ó ní. Bí ojú ìwé kan bá gba díjíìtì 3,000, ìwé tí a ó fi tẹ̀ ẹ́ á ju ojú ìwé 13,600 lọ.

Èyí náà kọ́ ni ìkẹyìn. Euclid ti fi hàn ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀wá ọdún sẹ́yìn pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò lópin. Ẹ sọ gbogbo èyí tí ẹ mọ̀ di púpọ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹ fi ọ̀kan kún un. Bí 2, 3, 5 àti 7 nìkan ni ẹ mọ̀, ẹ ó rí 211. Èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́rin náà tí ẹ bá fi pín in, ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Nítorí náà, nọ́ńbà àkọ́kọ́ kan gbọ́dọ̀ wà tí ẹ kò tíì mọ̀. Náírà kan alájọ tún nìyẹn.

Ààlà tí Barlow fà àti ààlà tí àwọn tó ṣe aago kọ̀ǹpútà fà bọ́ sórí nọ́ńbà Euler kan náà. Ti Barlow wó nítorí pé ó fi ìwúlò ọjọ́ rẹ̀ díwọ̀n ìmọ̀ ọjọ́ iwájú. Ti aago yóò wó nítorí pé àwọn tó ṣe é kò retí pé iṣẹ́ wọn yóò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ yín bá ju bírò sílẹ̀ lálẹ́ òní, tó bi yín léèrè ohun tí ẹ̀kọ́ ìṣirò wà fún, ẹ lè sọ fún un pé a kò tíì mọ gbogbo rẹ̀. Euler náà kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú káàdì àjọ kan, ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ láti náírà kan, kó sì máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì títí àyè á fi kún.